Kí ni ó ya nọ́ńbà 16 sọ́tọ̀ láàárín àwọn nọ́ńbà odidi?

Yàtọ̀ sí 1 àti 16 fúnra rẹ̀, 2, 4 àti 8 nìkan ni ó pín in láìṣẹ́kù. Èyí tí ó dùn mọ́ mi jù ni pé, bí a bá sọ 2 mẹ́rin di púpọ̀, ìyẹn 2 × 2 × 2 × 2, 16 ni a ó rí, bí a bá sì sọ 4 méjì di púpọ̀, 4 × 4, 16 náà ni. Kò sí nọ́ńbà odidi mìíràn tí nọ́ńbà méjì tó yàtọ̀ síra lè ṣe irú pàṣípààrọ̀ yìí fún. Orúkọ rẹ̀ pàápàá, ẹẹ́rìndínlógún, ìṣirò ni: 20 dín 4. Bí a bá sì ka 16 lọ́nà 16, 256 ni yóò jáde, èyí tí í ṣe iye Odù Ifá.