Ẹ má fi Àìná sí àárín

Ìyá Ìkókó, ẹ kú ewu ọmọ, ẹ kú ọwọ́ lómi. Ẹ ní ọmọ gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé, ìyá ọkọ yín sì ní Àìná ni. Ọkọ yín ní orúkọ àwọn ìyá àgbà ni, pé àwọn òyìnbó Manchester ò ní lè pè é. Ẹ̀yin wá fẹ́ fi ṣe orúkọ àárín kí ìjà lè parí. Ohun tí èmi náà ṣe lọ́dún 14 sẹ́yìn nìyẹn, ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìwọ́ yí ọmọ tèmi lọ́rùn. Agbẹ̀bí ki ìka méjì bọ abẹ́ rẹ̀, ó yọ ọ́ gba orí ọmọ bí ẹni ń bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, lọmọ bá ké. Agbẹ̀bí ò sọ nǹkan kan. Ìyá mi tó dúró tì mí ló rí i, ó sì pe Àìná lójú ẹsẹ̀. Lójú tèmi, ìdí kan tí orúkọ yìí fi ṣọ̀wọ́n lára àwọn ọmọ ìsinsìnyí nìyẹn: àwọn ọmọ ṣì ń gbé ìwọ́ kọ́rùn wá, ṣùgbọ́n bí ìyá àgbà ò bá sí nítòsí, ta ni yóò sọ ọ́? Àwọn mìíràn á tún ní orúkọ ìbọ̀rìṣà ni. Kò sí òrìṣà kankan nínú rẹ̀. Bọ́mọ ṣe wáyé ló ń sọ, bí Ìgè tó fẹsẹ̀ jáde. Orúkọ bàbá ló pọ̀ sí báyìí, bíi ti Ọlá Àìná tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà.

Bí ẹ bá rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé Aina gbajúmọ̀, kì í ṣe tiwa. Lédè Catalan, Anna ló dà bẹ́ẹ̀. Ìyá kan tó jẹ́ ará Finland sọ fún mi ní nọ́sìrì pé “nígbà gbogbo” ni aina lédè wọn. Ó dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ làwọn máa ń tẹnu mọ́. Tiwa, dò dò mí ni: À, ì, ná. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ di méjì.

Èmi fi orúkọ òyìnbó ṣáájú, mo fi Àìná tẹ̀ lé e. Nígbà tó máa fi pé ọdún mẹ́jọ, èmi gan-an ò pè é mọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń fún wọn lẹ́bùn nílé ìwé, olùkọ́ ka gbogbo orúkọ rẹ̀ jáde, ó ní “Éénà”. Nínú mọ́tò lọ́nà ilé, ọmọ mi bi mí pé, “Mọ́mì, ta ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?” Mo pa mọ́tò sẹ́bàá títì, mo sunkún.

Ọ̀rọ̀ yìí ò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ọmọbìnrin Òkè-Ọdàn tí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì mú lẹ́rú ní 1848, tí Queen Victoria wá ń gbọ́ bùkátà rẹ̀, Àìná ni. Orúkọ ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi tó mú un lọ sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti ọkọ̀ náà ni wọ́n fi sọ ọ́: Sarah Forbes Bonetta. Nígbà tó ṣègbéyàwó ní Brighton ní 1862, “Ina” ni wọ́n kọ sínú ìwé, ó sì ṣáájú Sarah. Ó ti pàdánù À, síbẹ̀ kò jẹ́ kó wà lẹ́yìn.

Ẹ ní ọmọ ti pé oṣù mẹ́rin, ẹ sì ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Kò tíì bọ́. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàárín oṣù 12 tí ẹ forúkọ sílẹ̀, òfin gbà kí ẹ fi orúkọ kún un tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Èmi ò mọ̀ títí ó fi kọjá. Ẹ padà lọ bá wọn, kí ẹ ní Àìná ni kí wọ́n kọ ṣáájú. Kí ẹ sì máa pè é bí ẹ bá ń wẹ̀ ẹ́, bí ẹ bá ń pọ̀n ọ́n.

Lẹ́yìn ọjọ́ mọ́tò yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe tèmi ní Àìná padà. Báyìí, bí olùkọ́ tuntun bá ṣì í pè, ìka ló máa fi lu tábìlì: dò, dò, mí. Yóò dúró kí wọ́n tún un pè, kó tó jókòó.