Àwọn ọ̀rẹ́ mi ti yára jù mí lọ, ojúgun sì ń dùn mí

*Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Àwa ọ̀rẹ́ mẹ́rin la jọ forúkọ sílẹ̀ fún triathlon ọlọ́nà jíjìn, èyí tí wọ́n ti ń lúwẹ̀ẹ́, tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́, tí wọ́n sì ń sáré lọ́jọ́ kan náà. Ó ti lé ní ogún ọdún tí a ti jọ ń ṣọ̀rẹ́. Eré náà ku oṣù márùn-ún. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ wa dọ́gba, àmọ́ àwọn mẹ́ta yòókù ti yára jù mí lọ báyìí. Bí a bá gun kẹ̀kẹ́, wọ́n á dúró dè mí ní oríta, bí mo bá sì ṣe ń dé ni wọ́n á tún gbéra. Ojúgun ẹsẹ̀ òsì ti ń dùn mí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Oògùn ìrora ni mo ń lò kí n tó sáré, mi ò sì sọ fún wọn. Ọkọ mi ní òun ò rí mi mọ́ lópin ọ̀sẹ̀. Mo fẹ́ yí padà sí ìdajì eré náà, ṣùgbọ́n èyí tó dàgbà jù nínú wa ní, “A jọ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ni, a ó sì jọ parí ẹ̀.” Bí mo bá yà kúrò, ṣé mi ò ní pàdánù wọn?*

*Èmi ni Èrò Ẹ̀yìn*

Àbúrò mi, Èrò Ẹ̀yìn,

Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ lo fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ lo sì fi parí, o wá ki ojúgun bọ àárín bí ẹni tí kò fẹ́ ká rí i. Ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀.

Má sáré mọ́ títí dókítà yóò fi rí ẹsẹ̀ yẹn. Mi ò ní kó o dín in kù o, mo ní má sá a rárá. Ìrora tó ti wà lójúgun fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tó sì ń gba oògùn kó tó jẹ́ kó o gbéra, kì í ṣe ara ríro lásán. Fi ìka kan tẹ egungun náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ojú kan ṣoṣo ló ti ń ta ọ́ gan-an, tàbí tó ń dùn ọ́ lóru nígbà tó o ti dùbúlẹ̀, ó ṣeé ṣe kí egungun ti bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Irú ojú sísán bẹ́ẹ̀ lè tín-ín-rín débi pé X-ray àkọ́kọ́ kò ní rí i, nítorí náà sọ gbogbo ìtàn náà fún dókítà, títí kan oògùn tó ò ń lò, kó lè mọ̀ bóyá MRI, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń ya àwòrán inú ara ní kúlẹ̀kúlẹ̀ ju X-ray lọ, ló yẹ kí wọ́n ṣe. Bó o bá ń sáré lórí rẹ̀ lọ báyìí, ohun tó sán lè kán. Oògùn náà kò wo egungun sàn, ẹnu rẹ̀ ló ń pa mọ́. Irú bí ibuprofen tún lè ṣe kíndìnrín níjàǹbá béèyàn bá lò ó lọ́jọ́ tó máa làágùn fún ọ̀pọ̀ wákàtí, tí omi ara rẹ̀ sì ti dín kù.

Èmi náà ti ṣe irú ẹ̀ rí. Orúnkún ni tèmi. Oṣù méjì ni mo fi gbé ìrora pa mọ́ fún àwọn tí a jọ ń sáré, màá rẹ́rìn-ín sí wọn, màá sì tiro relé. Nígbà tí mo fi máa dé ọ̀dọ̀ dókítà, ohun tí ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ì bá ti yanjú ti di ọ̀rọ̀ oṣù méje. Nígbà tí mo wá jẹ́wọ́ fún wọn, ọ̀kan nínú wọn sunkún. Ó ní kí lòun ṣe tí mi ò fi lè finú hàn òun. Èmi sì ti rò pé wọ́n máa fojú ọ̀lẹ wò mí ni.

Eré ẹsẹ̀ tó o máa dá dúró yìí kò ní kó o jókòó lásán. Bí dókítà bá gbà, o lè máa lúwẹ̀ẹ́, o lè máa gun kẹ̀kẹ́, o tilẹ̀ lè máa sáré nínú omi tó jìn, níbi tí ẹsẹ̀ kò ti ní kan ilẹ̀. Iṣẹ́ tí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ń ṣe níbẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti orí ilẹ̀.

Oríta yẹn wá ńkọ́? Mo fẹ́ kó o bá mi dúró níbẹ̀ díẹ̀, torí ibẹ̀ ni mo rò pé ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀. Àwọn mẹ́ta dé, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n mumi, wọ́n sinmi fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìwọ dé, èémí rẹ ò tíì rọlẹ̀, wọ́n ní ó yá. Wọ́n ti sinmi, ìwọ kò sinmi. Inúure ni wọ́n rò pé àwọn ń ṣe fún ọ, mo sì gbà pé inúure ni, ṣùgbọ́n ẹni tó rẹ̀ jù nínú yín ni kì í rí ìsinmi. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin láàárọ̀ ọjọ́ kan, ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fi sinmi jù ọ́ lọ.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lejò ń gun àgbọn, bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń kọ́ ara fún ọ̀nà jíjìn. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìdánrawò gbọ́dọ̀ rọrùn débi pé wàá lè máa sọ odindi gbólóhùn láìmí hẹlẹ. Inú ìrọ̀rùn yẹn ni ọkàn ti ń lágbára, ibẹ̀ ni iṣan ti ń kọ́ bí yóò ṣe máa sun ọ̀rá ara fún agbára, ibẹ̀ sì ni egungun ti ń ráyè le sí i. Èyí tó le, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ jẹ́jẹ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ, eré àsápajúdé ló jẹ́ fún ọ. Àwọn ń dánra wò, ìwọ ń díje ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá jáde. Máa ka bí ọkàn rẹ ṣe ń lù láàárọ̀ kó o tó dìde lórí ibùsùn. Bó bá ń yára ju bó ṣe máa ń rí lọ fún ọjọ́ mélòó kan, tí oorun kò sì dára, tí inú ń tètè bí ọ, ara ń sọ fún ọ pé ẹrù ti pọ̀ jù.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í torí pé a bá ẹni tan ká fa ẹni nítan ya. Ní tìrẹ, ìwọ fúnra rẹ lò ń fa ara rẹ nítan ya, kí àwọn tó o fẹ́ràn má bàa mọ̀ pé ó ti rẹ̀ ọ́.

Mo mọyì ìfẹ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín, ṣùgbọ́n eré yìí fúnra rẹ̀ kò gba ohun tó ń wí. Ìlúwẹ̀ẹ́ 3.8 kìlómítà ni, kẹ̀kẹ́ 180 kìlómítà, eré ẹsẹ̀ 42.2 kìlómítà. Lórí kẹ̀kẹ́, òfin kò gbà kó o sá sẹ́yìn ẹni tó wà níwájú kó máa bá ọ gba atẹ́gùn sára. Àlàfo gbọ́dọ̀ wà láàárín kẹ̀kẹ́ kan sí èkejì, àwọn tó bá rú òfin náà yóò sì lọ dúró sí àgọ́ ìjìyà fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Bẹ́ ẹ ṣe ń tò tẹ̀ léra yín lópin ọ̀sẹ̀, ẹ ò lè ṣe é lọ́jọ́ náà. Láti inú omi lẹ ó ti túká, kálukú yóò sì máa bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n sá eré yìí ní Hawaii, ní oṣù Kejì ọdún 1978, èèyàn 15 ló gbéra, 12 ló parí rẹ̀. Gordon Haller tó gbapò kìíní lo wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 46. Lónìí, nǹkan bíi wákàtí 17 ni wọ́n sábà máa ń fún àwọn tó ń sá a. Wo bí àlàfo yẹn ti fẹ̀ tó! Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ lè dé nírọ̀lẹ́, kí ẹlòmíràn dé lóru, kí wọ́n sì jọ parí eré kan náà. Bí mo bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín, ohun tí màá pè ní “a jọ parí ẹ̀” ni pé ẹni tó kọ́kọ́ dé á wọ aṣọ òtútù, á sì dúró létí ìlà títí ẹni tó kẹ́yìn á fi yọ.

Nítorí náà, sọ fún wọn. Má sọ ọ́ lórí WhatsApp o. Pè wọ́n jókòó lọ́jọ́ tí kò sí ìdánrawò, kí kẹ̀kẹ́ kankan má sí nítòsí. Ti ojúgun ni kó o kọ́kọ́ sọ. Sọ pé, “Ẹsẹ̀ ti ń dùn mí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo fi pa mọ́ fún yín torí ẹ̀rù ń bà mí pé ẹ ó fi mí sílẹ̀. Mi ò lè máa sáré tiyín mọ́, àmọ́ mo ṣì fẹ́ wà pẹ̀lú yín.” Lẹ́yìn náà, dákẹ́. Má bẹ̀bẹ̀, má sì wí àwíjàre. Kò ní yà mí lẹ́nu bí ẹlòmíràn nínú wọn bá la ẹnu sọ ibi tó ń dun òun náà.

Kẹ́ ẹ wá tún ìdánrawò pín. Ìlúwẹ̀ẹ́ nínú adágún tàbí òkun, àjọṣe ni, n kò gba àríyànjiyàn lórí ìyẹn. Ẹnikẹ́ni nínú yín kò gbọ́dọ̀ dá wọ inú omi gbalasa, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n lú tó. Kí fìlà yín ní àwọ̀ tó ń tàn, kí kálukú so ohun tó ń léfòó mọ́ ìbàdí, kí ẹnì kan sì wà létí omi tó ń ṣọ́ gbogbo yín. Ti kẹ̀kẹ́, ẹ wá ọ̀nà kúkúrú kan tó ń yí po, kí kálukú máa yí i níwọ̀n agbára tirẹ̀. Ẹ ó máa pàdé, ẹ ó máa juwọ́ síra yín, ẹnì kan kò sì ní dúró de ẹnì kan. Wákàtí ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n, ẹ má fi kìlómítà wọ̀n ọ́n: bí wákàtí mẹ́ta bá pé, gbogbo yín á jọ sọ̀ kalẹ̀. Eré ẹsẹ̀ ní tiẹ̀, máa dá a sá fún sáà kan, lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ bá ti jinná.

Lórí yíyí padà sí ìdajì, èrò mi kò pín sí méjì. Yí i padà. Egungun ojúgun tó bá sán sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kó tó jinná, nígbà míì jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìrìn tí a fi eré díẹ̀díẹ̀ là láàárín ni wàá sì fi tún bẹ̀rẹ̀. Yọ ìyẹn kúrò nínú oṣù márùn-ún. Yọ ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta tó ṣáájú eré, tó yẹ kéèyàn dẹ́wọ́ ìdánrawò. Ohun tó ṣẹ́ kù kò tó fún 42 kìlómítà lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà tàbí méje lórí kẹ̀kẹ́. Ìlúwẹ̀ẹ́ 1.9, kẹ̀kẹ́ 90, eré ẹsẹ̀ 21.1, ó ṣeé ṣe kó tó fún ìyẹn, bí dókítà bá fọwọ́ sí i. Kàn sí àwọn tó ṣètò eré náà lọ́sẹ̀ yìí, torí ó sábà máa ń ní ọjọ́ tí wọn kì í gba ìyípadà mọ́. Bí kò bá sí ìdajì lọ́jọ́ tiwọn, wá òmíràn, kó o sì lọ dúró létí ọ̀nà lọ́jọ́ náà, ní nǹkan bí 30 kìlómítà eré ẹsẹ̀ wọn, ibi tí ara ti ń kọ̀. Wọn ò ní gbàgbé pé wọ́n rí ọ níbẹ̀.

Ọkọ rẹ. Gbólóhùn kan péré lo fi sọ ọ́, mi ò ní sọ ọ́ gùn. Ọkùnrin náà kò forúkọ sílẹ̀ fún eré kankan, síbẹ̀ ó ń ru lára ẹrù rẹ̀. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ jọ jókòó ti kàlẹ́ńdà, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sàmì sí àwọn ọjọ́ tí ìdánrawò kò gbọ́dọ̀ dé. Bí kò bá tíì mọ̀ nípa ojúgun, sọ fún un lálẹ́ òní. Kò yẹ kó jẹ́ èmi ni mo kọ́kọ́ gbọ́.

O béèrè bóyá wàá pàdánù wọn. Wọ́n ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún, ẹ̀yin mẹ́rin sì ti ṣe é. Mi ò lè búra fún ọ pé inú kò ní bí ẹnikẹ́ni. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀gbọ́n yín fajú ro fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, torí òun ló kó yín jọ, ó sì lè rò pé òun ló tú. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń dúró dè ní oríta yẹn, wọn ò tíì rí i. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín bo ìrora mọ́lẹ̀ ni wọ́n ń rí.

Lọ sọ́dọ̀ dókítà kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Bó o bá ti dé, kọ̀wé sí mi, sọ ohun tó rí nínú egungun náà, kó o sì sọ ohun tí ẹ̀gbọ́n yín fi dá ọ lóhùn. Mò ń retí rẹ̀.

Àǹtí rẹ