Kí ló dé tí TalkBack ò mọ orúkọ bọ́tìnì inú áàpù mi?

Ìbéèrè: Ẹ ǹlẹ́ o, ọ̀gá mi. Flutter, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ áàpù, ni mo fi ṣe áàpù tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa fi ń dáwó. Ẹ̀gbọ́n wa kan tí ò ríran ń fi TalkBack (ohun tó ń ka ojú fóònù Android sókè) lo fóònù wọn, wọ́n ní bọ́tìnì táwọn bá ti fọwọ́ kàn, "unlabelled, button" (bọ́tìnì tí ò lórúkọ) làwọn ń gbọ́. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àwòrán nìkan lẹ kó sára bọ́tìnì yẹn, ìyẹn ló fà á. TalkBack ò mọ ìtúmọ̀ àwòrán, ohun tẹ́ ẹ bá kọ sínú kóòdù ló máa kà. Tó bá jẹ́ IconButton (bọ́tìnì alàwòrán ti Flutter) lẹ lò, ẹ fi tooltip (ọ̀rọ̀ kékeré tó ń ṣàlàyé bọ́tìnì) sí i, "Fi owó ránṣẹ́", ó tán. Ẹ má kọ "bọ́tìnì" mọ́ ọn o, torí TalkBack fúnra ẹ̀ á sọ "button" lẹ́yìn orúkọ yẹn.

Èyí tó ń dà á rú jù ni GestureDetector (èyí tó ń mọ̀ tí wọ́n bá fọwọ́ kan nǹkan) tí wọ́n fi ń bo Container (àpótí lásán) nítorí kó lè rẹwà, lójú bọ́tìnì ni àmọ́ TalkBack ò ní pè é ní bọ́tìnì rárá. Ẹ fi Semantics (èyí tó ń sọ ohun tí nǹkan jẹ́ fún TalkBack) bò ó, kẹ́ ẹ kọ button: true àti label (orúkọ tó máa kà) sí i.

Ẹ tún wo ibi tí orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wà. Tí "Yọ kúrò" bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, àwa tá a ríran mọ̀ pé ti Bọ́lá nìyí, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n yín á kàn máa gbọ́ yọ kúrò, yọ kúrò, yọ kúrò, wọ́n sì lè yọ alága dànù láìmọ̀! Ẹ jẹ́ kí label ẹ̀ jẹ́ "Yọ Bọ́lá kúrò". Bọ́tìnì tó ní àwòrán ojú náà ńkọ́, èyí tó ń bo iye owó? Tí owó bá wà ní bíbò, kó jẹ́ "Fi owó hàn", tó bá ti hàn, kó yí padà sí "Bo owó".

Kí bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan má kéré ju 48 dp (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn nǹkan lójú fóònù Android) lọ níbùú lóròó. Ẹ sì bi wọ́n léèrè ohùn tí wọ́n ń lò, torí ohùn Gẹ̀ẹ́sì tó bá ń ka Yorùbá, á kà á bàjẹ́ ni.

Kẹ́ ẹ tó gbé e jáde, ẹ tan TalkBack, ẹ dijú, kẹ́ ẹ wá gbìyànjú àtidáwó. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa tẹ̀ kó kà á, ẹ̀ẹ̀mejì kó ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e fún ẹ̀gbọ́n kí wọ́n bá yín yẹ̀ ẹ́ wò, kẹ́ ẹ sì fún wọn lówó dátà, iṣẹ́ nìyẹn náà.