"At knifepoint": ṣé wọ́n ti gún un ni?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀. Ìwé ọlọ́pàá tí àbúrò yín fi ránṣẹ́ láti London, tí ẹ rí "robbed at knifepoint" nínú rẹ̀, kò sọ pé ọ̀bẹ kàn án lára. Wọ́n yọ ọ̀bẹ sí i, wọ́n sì gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ká ní wọ́n gún un ni, "stabbed" ni wọn ì bá kọ.

Ojú mi ti rí i, ní Peckham, ní London níbẹ̀. Mò ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ lálẹ́ nígbà tí àwọn ọmọkùnrin méjì dá mi dúró. Ọ̀kan fa ọ̀bẹ ìdáná yọ látinú apá jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó nà án sí mi níkùn, ó ní kí n mú fóònù wá. Mo mú un wá o! Ta ní ń bá ọ̀bẹ jiyàn? Ará ilé mi tó bá mi pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì wọn, wá sọ fún wọn pé "they used knife on him", bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé. Kò pẹ́ tí áńbúláǹsì fi dé, ni wọ́n bá ń tú bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì mi, wọ́n ń wá ojú ọgbẹ́.

Ọlọ́pàá ló fi "at knifepoint" tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ó bi mí pé: ṣé mo fojú ara mi rí ọ̀bẹ náà, àbí wọ́n kàn ní àwọn ní in lápò? Báwo ló ṣe gùn tó? Ó nídìí tó fi ń bi mí bẹ́ẹ̀. Nínú òfin Theft Act ọdún 1968 ti England, kí wọ́n dẹ́rù bani pé àwọn máa ṣeni léṣe lójú ẹsẹ̀ ti tó láti sọ olè jíjà di "robbery", ọgbẹ́ ìbáà má sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó yọ ọ̀bẹ síta máa ń wúwo lójú adájọ́ ju ti ẹni tó kàn fẹnu dárúkọ ọ̀bẹ lọ. Kí àbúrò yín sọ ohun tó rí gan-an, kó má bù mọ́ ọn.

Ẹ máa rí "knifepoint" lẹ́yìn "held" àti "threatened" náà, "at" ló sì máa ń ṣáájú rẹ̀, kì í ṣe "with". Tó bá jẹ́ ìbọn, "gunpoint" ni, èyí tó kún inú ìwé ìròyìn tiwa.

Kó tọ́jú nọ́ńbà ẹjọ́ tó wà lórí ìwé yẹn. Bó bá ní ìnṣọ́ránsì fóònù, wọ́n máa béèrè rẹ̀.