Ṣé tífí London used sàn ju tuntun lọ fún yàrá kékeré?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba self-contain kan n'Íbàdàn, yàrá náà ò tóbi, bẹ́ẹ̀dì mi ló kọjú sí ògiri tí mo fẹ́ gbé tífí kọ́. Owó ọwọ́ mi lè ra 43 inch tuntun, àmọ́ ẹnì kan lọ́jà ní owó yẹn náà máa ra 55 inch London used. Ó ní ti London ni ojúlówó, pé àwọn tuntun tí wọ́n ń kó wá fún wa báyìí, China lásán ni, wọn kì í pẹ́ bàjẹ́. Ṣé òótọ́ ni sà? Ẹ bá mi wo èyí tí ò ní jẹ iná púpọ̀ pẹ̀lú, torí ínfátà kékeré ni mo ní.

Ìdáhùn: Àbúrò, o kú ilé tuntun o, ilé á tura. Irú ìbéèrè yìí ti ń pọ̀ lọ́wọ́ mi jù, inú sì máa ń bí mi tí mo bá ti rí i, kì í ṣe sí ìwọ, sí àwọn tó ń tà á fún yín ni. Mo ń bọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ínfátà, jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú "ti London ni ojúlówó" yẹn ná, torí ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń mú èèyàn.

London ni wọ́n ti lo tífí yẹn, kì í ṣe ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é. Ọ̀pọ̀ Samsung tí wọ́n ń tà ní Yúróòpù, Hungary ni wọ́n ti ń tò ó pọ̀, ti LG ní ilé iṣẹ́ ní Poland, ọ̀pọ̀ Toshiba tí wọ́n tà lọ́hùn-ún lẹ́yìn 2016, Vestel ará Tọ́kì ló ṣe é, orúkọ Toshiba ni wọ́n kàn gba àṣẹ láti lò. Panẹ́ẹ̀lì inú wọn ńkọ́, ìyẹn síkírínì fúnra rẹ̀ tó jẹ́ pé òun gan-an ni tífí? Éṣíà ló ti ń wá, China, Korea, Taiwan, ibì kan náà tí ti inú páálí tuntun ti ń wá. Nítorí náà ẹni tó bá ní China ni tuntun, London sì ni tòkunbọ̀, kò mọ ohun tó ń tà, tàbí kó mọ̀ ọ́n kó sì máa purọ́ fún ẹ.

Ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ ni pé síkírínì ọ̀pọ̀ tífí tá à ń lò báyìí kì í tan iná fúnra rẹ̀. Iná LED wẹ́wẹ́ kan wà lẹ́yìn ẹ̀ tí wọ́n tò sórí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, a máa ń pè é ní backlight, òun ló ń jẹ́ kó o rí àwòrán. Iná yẹn dà bí àbẹ́là, gbogbo wákàtí tó bá fi tàn ló fi ń jó lọ, kò sì sí ìlú tí wọ́n ti lò ó tó máa dá wákàtí yẹn padà. Ẹni tó ń ta 55 fún ẹ ò mọ iye ọdún tí wọ́n ti fi wò ó, kò sì mọ̀ bóyá ilé èèyàn ni àbí ilé ọtí tí wọ́n ti ń tàn án láti àárọ̀ di òru.

Tí mo bá ṣí ẹ̀yìn irú ẹ̀ lórí tábìlì, bébà funfun tó yẹ kó máa tan ìmọ́lẹ̀ síwájú á ti di pupa rúsúrúsú yíká ojú iná kọ̀ọ̀kan, lẹ́ǹsì kékeré tó bo orí àwọn iná náà á ti bọ́ méjì mẹ́ta, á wà nísàlẹ̀ tó ń yí gbiri. Ìta ni ìwọ máa ti rí i, lẹ́ǹsì tó bọ́ ló ń fa àmì funfun roboto tó ń tàn ju ibi tó kù lọ, iná tó ti ń kú ló ń jẹ́ kí apá kan síkírínì di búlúù tàbí pọ́pù. Tí ọ̀kan bá wá kú pátápátá, torí wọ́n so wọ́n tẹ̀ lé ara wọn, gbogbo ẹ̀ lè ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀kan náà, wàá máa gbóhùn o ò ní rí àwòrán. Tàn tọ́ọ̀ṣì sún mọ́ síkírínì nínú òkùnkùn, tó o bá rí àwòrán fírífírí, backlight ló lọ. Ìyẹn ṣeé tún ṣe o, àmọ́ àwọn kan tó ń pe ara wọn ní ẹnjiníà á kàn fi wáyà so èyí tó kú kọjá, wọ́n á gbowó, kò ní pẹ́ tí òmíràn á tún kú. Ìlà gbọọrọ tó dúró láti òkè délẹ̀ ni kó o sá fún jù, ìyẹn ti sábà máa ń kan panẹ́ẹ̀lì, owó panẹ́ẹ̀lì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tífí.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ìwádìí kan wà tí Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé jọ ṣe pẹ̀lú ibùdó Basel Convention, ìyẹn àdéhùn àgbáyé lórí kíkó pàǹtírí olóró láti ìlú kan sí òmíràn, tó wà n'Íbàdàn níbẹ̀ yẹn, ó jáde ní 2018. Wọ́n dúró sí èbúté Èkó ní 2015 àti 2016 láti wo ẹrù tòkunbọ̀ oníná tó ń wọlé, wọ́n ní ó tó bíi 60,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún, pé ó kéré tán 15,700 nínú ẹ̀ ni ò ṣiṣẹ́ rárá nígbà tó dé. Púpọ̀ nínú ẹrù náà, inú mọ́tò tòkunbọ̀ ni wọ́n rọ́ ọ sí. Panẹ́ẹ̀lì tífí kì í fẹ́ kí nǹkan gorí ẹ̀, kì í fẹ́ kí wọ́n dùbúlẹ̀ ẹ̀, inú bútù ló sì lè ti rìn gba orí òkun kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ.

Mi ò sọ pé gbogbo tòkunbọ̀ ni ò dáa o. Ẹlòmíì lọ́hùn-ún tà á torí ó fẹ́ èyí tó tóbi sí i, tó bá bọ́ sí i fún ẹ, o ti rí nǹkan rà. Mi ò sì tíì fojú rí èyí tí wọ́n ń bá ẹ nájà, mi ò lè búra pé ó bàjẹ́ tàbí pé kò bàjẹ́. Ohun tí mo lè sọ ni pé owó ẹ ò pọ̀, o ò sì ní òmíràn tó o máa fi ra tífí kejì.

Ọ̀rọ̀ smart náà wà níbẹ̀. Tífí smart tó ti pẹ́, àwọn áàpù inú ẹ̀ máa ń kú ṣáájú ẹ̀, Netflix fúnra wọn dáwọ́ dúró lórí àwọn Samsung kan ti 2010 àti 2011 ní December 2019. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, wàá tún ra Android box, àpótí kékeré tó ń gbé áàpù wá sórí tífí, tó ń wọ ojú HDMI lẹ́yìn ẹ̀, owó ìyẹn náà wà lára ohun tó yẹ kó o kà mọ́ "ẹ̀dínwó" tí wọ́n ṣe fún ẹ.

Iná ńkọ́? 43 inch LED tuntun, bíi 60 sí 100 watt ni, 55 máa tó bíi 100 sí 150, ó sì sinmi lórí bí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Wo ẹ̀yìn tífí, wọ́n kọ W síbẹ̀, má gba ti ẹnu oníṣòwò. Tó bá jẹ́ plasma ni wọ́n gbé fún ẹ, má gbà á rárá, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ti pa á tì láti bíi 2014, òmíràn ń jẹ tó 300 watt, ínfátà kékeré ò lè gbé e pẹ́. Èyí tó bá sì jẹ́ America ló ti wá, rí i dájú pé wọ́n kọ 100-240V sí i lẹ́yìn, torí òmíràn 120V nìkan ló mọ̀, ọjọ́ tó o bá fi í bọ iná tiwa tó ju bẹ́ẹ̀ lọ ló jóná.

Torí náà, 43 tuntun ni mo ní kó o rà. Láti orí bẹ́ẹ̀dì sí ògiri nínú self-contain, kì í sábà ju mítà méjì lọ, 43 ti tó fún un. Téèpù ni kó o fi wò ó, tí kò bá tiẹ̀ tó mítà kan àtààbọ̀, ra 32, kó o fi owó tó ṣẹ́kù ra stabilizer. Inch yẹn, láti igun sí igun ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n, 55 máa fẹ̀ ju mítà kan lọ lára ògiri ẹ. Má san owó gọbọi torí 4K, ìyẹn síkírínì tí àmì wẹ́wẹ́ tó ń gbé àwòrán jáde lórí ẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́rin ti Full HD, dekódà tó o máa kì sí i kì í sábà gbé 4K jáde, láti orí bẹ́ẹ̀dì o ò sì ní rí ìyàtọ̀ tó pọ̀ lórí 43, Full HD, ìyẹn àmì wẹ́wẹ́ 1920 ní ìbú àti 1080 ní gíga, ti dáa. Tí páálí bá sì kọ "4K supported", ka ìlà resolution, ìyẹn iye àmì wẹ́wẹ́ náà, gangan, torí ó lè gba 4K wọlé kí panẹ́ẹ̀lì má jẹ́ 4K.

Tuntun tí mo ń wí, kó ní wáráǹtì tó kọ sí ìwé, kí ilé iṣẹ́ náà ní ibi àtúnṣe tó o lè dé. Orúkọ tó fi lẹ́tà kan yàtọ̀ sí ti ilé iṣẹ́ ńlá, fi sílẹ̀.

Bó o bá ní tòkunbọ̀ náà lo máa rà, ní kí wọ́n tàn án fún nǹkan bíi wákàtí kan kó o jókòó tì í, má jẹ́ kí wọ́n fi fídíò aláwọ̀ mèremère tàn ẹ́ jẹ, gbé àwòrán funfun gbòò sí i láti orí flash, lẹ́yìn náà búlúù, lẹ́yìn náà dúdú, kó o fojú wá ìlà, àmì àti ibi tó ṣókùnkùn, kó o gbé ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ sókè pátápátá kó o rí i bóyá ó máa kú. "Testing warranty" tó parí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe wáráǹtì.

Èyíkéyìí tó o bá rà, nílé, dín backlight kù sí ìdajì, yàrá kékeré ò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò pẹ́ sí i, ínfátà ẹ náà á sì gbádùn. Tí NẸ́PÀ bá mú iná dé, dúró ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́rin kó o tó tan tífí. Má sì fúnra ẹ tú ẹ̀yìn ẹ̀ láé, àbúrò, kápásítọ̀, èròjà tó ń tọ́jú iná nínú bọ́ọ̀dù power, ṣì ń di iná mú lẹ́yìn tó o ti yọ ọ́ ní sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó lè ṣe ẹ́ léṣe gidi. Wọn ògiri yẹn lónìí, kó o sì ya fọ́tò ìwé tó wà lẹ́yìn èyí tí wọ́n bá gbé fún ẹ ránṣẹ́ sí mi kó o tó sanwó.