Dìsáínà tí wọn ò tíì mọ̀, níbo la ti ń rí wọn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mo wà. Ó wù mí kí n máa ra aṣọ lọ́wọ́ àwọn dìsáínà wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú, torí aṣọ tí gbogbo èèyàn ń wọ̀ ti sú mi, ṣùgbọ́n orí Instagram nìkan ni mo mọ̀, ibẹ̀ náà ni mo ti rí búbù kan tó rẹwà gan-an, èyí tí wọ́n wá fi ránṣẹ́, àbúrò mi ní kí n kúkú fi ṣe kọ́tìnnì. Báwo ni mo ṣe máa mọ ẹni tó mọṣẹ́? (Ìyá Ìbejì, Bódìjà)

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kọ́tìnnì yẹn ná. Instagram ò burú, fọ́tò ibẹ̀ ló ń tàn wá jẹ, torí píìnì lè pọ̀ lẹ́yìn aṣọ tí módẹ́lì wọ̀ tẹ́ ẹ ò sì ní rí i. Fọ́tò táwọn oníbàárà fúnra wọn ya ni kẹ́ ẹ máa wá, ẹni tó ti jókòó, tó ti jó, tó ti làágùn sí aṣọ lóde ìyàwó, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó ṣì dúró dáadáa lára ẹ̀.

Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta aṣọ fún àwọn dìsáínà. Ọjẹ́ kúkú wà n'Ìbàdàn níbẹ̀, ẹ bi àwọn aláṣọ òkè pé ọmọ dìsáínà wo ló máa ń tú gbogbo ẹrù wọn kó tó mú ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá dé Ìtòkú l'Abẹ́òkúta, ẹ bi àwọn ìyá alàdìrẹ náà bẹ́ẹ̀, wọ́n mọ̀ wọ́n, wọ́n á tiẹ̀ máa ṣàròyé wọn fún yín pé wọ́n ti le jù. Ẹni tó ń yọ wọ́n lẹ́nu yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ lọ bá.

Tẹ́ ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, ẹ yí inú aṣọ síta, ẹ má tijú. Ṣé wọ́n ti wíífì etí ẹ̀ àbí òwú ń tú? Ṣé sípù dúró gbọọrọ? Tó bá jẹ́ àǹkárá, ṣé òdòdó tọ̀tún pàdé tòsì níbi tí wọ́n ti rán an pọ̀? Ṣé wọ́n fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ nínú, torí ọdún ń bọ̀, ara á sì sanra. Tó bá ní àdìrẹ lòun fi rán an, ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀: èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ sábà máa ń ṣá, ti aró gidi á wọ aṣọ lọ.

Àwọn dìsáínà tó ti lórúkọ báyìí, ẹnì kan ló kọ́kọ́ ra aṣọ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí Shade Thomas-Fahm dé láti Lọ́ńdọ̀nù ní 1960, aṣọ òyìnbó làwọn olówó Èkó ń lé kiri, òun wá ń fi aṣọ òkè àti àdìrẹ rán nǹkan tuntun, ó ṣe ìró onísípù. Kenneth Ize náà, aṣọ òkè ló fi dé ìpele àṣekágbá LVMH Prize, ìdíje àgbáyé àwọn dìsáínà ọ̀dọ́, ní 2019. Lagos Fashion Week tí Omoyemi Akerele dá sílẹ̀ ní 2011 náà máa ń fàyè gba àwọn ọ̀dọ́, ẹ máa wò wọ́n níbẹ̀.

Ìbéèrè: Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fírídọ́ọ̀mù l'Óṣogbo, mo fẹ́ kó rán aṣọ ẹbí ọjọ́ ìbí ìyàwó mi, ogójì aṣọ. Ṣé mo lè ní kó ṣe é ní owó ẹbí? (Bàbá Tọ́lá, Peckham, Lọ́ńdọ̀nù)

Ìdáhùn: Rárá o, sà! Owó ẹbí yìí ló ń pa ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ yẹn á ra òwú, á ra sípù, á ra láínìn, á ra epo sí jẹnẹrétọ̀, kẹ́ ẹ tó fún un ní kọ́bọ̀. Ẹ fún un ní ìdajì owó kó tó fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ rárá. Ogójì náà pọ̀ jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kó rán ti ìyàwó yín àti tàwọn ọmọ, kí àwọn yòókù wá télọ̀ tiwọn. Ẹ má sì fi fọ́tò aṣọ dìsáínà ńlá bíi Lisa Folawiyo ránṣẹ́ sí i pé kó ṣe irú ẹ̀, ẹ ní kó ya tiẹ̀.

Kí aránṣọ kan níbẹ̀ wọn ìyàwó yín, kó kọ ọ́ ní íǹṣì, torí íǹṣì lọmọ yẹn fi kọ́ṣẹ́. Kẹ́ ẹ sì sọ bí bàtà tí ìyàwó yín máa wọ̀ ṣe ga tó fún un, tẹ́ ẹ ò bá sọ ọ́, aṣọ yẹn á máa gbálẹ̀ ni tàbí kó fò sókè.