Ààrò kò lè wẹ míìtì-páì tó ti sùn mọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Míìtì-páì ni mo ń tà níwájú iléèwé kan n'Íbàdàn. Alẹ́ ni mo máa ń se ẹran àti pòtétò inú rẹ̀, màá dé e sórí sítóòfù di àárọ̀, màá tún un gbé kaná, kí n tó fi ìyẹ̀fun wé e, kí n sì yan án. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ méjì jẹ ẹ́, wọ́n sì bì. Àwọn ìyá wọn rọ epo pupa fún wọn. Ẹnìkan ní kí n máa fi páódà kan tí wọ́n ń tà lọ́jà sí i kó lè pẹ́. Ọjọ́ mélòó ló lè lò nínú ṣógíláàsì?

ÌDÁHÙN: Ẹ fi ti ọjọ́ sílẹ̀ ná, ìyá wa. Wákàtí tí ìkòkò yín fi jókòó sórí sítóòfù lóru ni kí ẹ kà.

Ohun tí gbogbo ẹni tó ń bi mí léèrè irú èyí ń wí kò yàtọ̀: "Mo tún un sè, mo tún yan án, kòkòrò wo ló tún kù?" Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Kòkòrò lè kú tán, kí oró tó ti tu sínú oúnjẹ ṣì wà níbẹ̀ digbí.

Ọ̀kan nínú àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń tu irú oró bẹ́ẹ̀ ni Staphylococcus aureus. Inú imú àti awọ ara àwa èèyàn ló ń gbé, ó sì máa ń pọ̀ lójú egbò. Ẹni tó fọwọ́ nu imú, tó wá fi ọwọ́ kan náà kan ẹran tó ti jinná, ti gbé e síbẹ̀. Bí ẹran náà bá wá lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún wákàtí mélòó kan, yóò pọ̀ sí i, yóò sì tu oró. Omi híhó kì í ba oró yẹn jẹ́. Èkejì ni Bacillus cereus, tí a máa ń bá nínú ìrẹsì, pòtétò àti ìyẹ̀fun. Spore rẹ̀ dà bí kóró irúgbìn: ìsè kì í pa á, bí oúnjẹ bá sì ń tutù díẹ̀díẹ̀, á hù. Oró rẹ̀ tó ń mú èèyàn bì máa ń la 121 lórí òṣùwọ̀n Celsius já fún wákàtí kan àtààbọ̀. Ààrò yín lè wà ní 180, ṣùgbọ́n nítorí omi tó wà nínú ẹran, inú míìtì-páì kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá 100. Ẹ̀yìn rẹ̀ á pọ́n, á dùn-ún wò, oró á sì jókòó sínú. Kì í rùn, kì í kan, ẹ ò lè fẹnu mọ̀ ọ́n.

Mi ò lè jókòó síbí sọ ohun tó mú àwọn ọmọ yẹn bì. Dókítà tó bá rí wọn ló lè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹran tó sùn sórí sítóòfù, ẹ dà á nù. Ó dùn mí nítorí owó yín, àmọ́ ẹ dà á nù.

Ìdájí ni kí ẹ máa sè é. Bó bá di dandan kó jẹ́ alẹ́, ẹ dà á sínú páànù fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, kó má jìn ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, kó sì ti wọ fíríìjì kó tó pé wákàtí méjì. Bí iná kì í bá dúró ládùúgbò yín, ẹ má sè é lálẹ́ rárá. Bó bá ti kúrò nínú ààrò, wákàtí mẹ́rin ni òpin rẹ̀. Gílóòbù inú ṣógíláàsì kàn ń mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, èyí gan-an ni kòkòrò sì ń fẹ́, àfi bí inú rẹ̀ bá gbóná ju 60 lọ. Ẹ ra tẹmómítà oúnjẹ, kí ẹ fi gún àárín rẹ̀ wò.

Páódà ọjà ńkọ́? Èyí táwọn oníbúrẹ́dì ń lò, calcium propionate, ń dènà kí búrẹ́dì má tètè bu. Kò kan oró inú ẹran. Èyí tí wọ́n wọ̀n sínú ọ̀rá láìlórúkọ, láìní nọ́ńbà NAFDAC, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Mi ò rí ilé ìdáná yín, nítorí náà ẹ pe àwọn wọlé-wọlé ìjọba ìbílẹ̀ yín kí wọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ sì sọ fáwọn ìyá ọmọ pé epo pupa kì í pa oró: ọmọ tó ń bì lè fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró. Omi ORS, ìyẹn omi oníyọ̀ àti ṣúgà tó ń dá omi ara padà, ni kí wọ́n máa fún un díẹ̀díẹ̀. Bó bá ń sùn lọ ṣáá, tí kò tọ̀ mọ́, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.